Owó 105 mílíọ̀nù dọ́là tí wọ́n ń kó jọ fún Greenwood ní Tulsa, ọwọ́ ta ló máa bọ́ sí?

Ọ̀pọ̀ nínú wa ní Nàìjíríà, tí wọ́n bá ti dárúkọ Tulsa, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Oklahoma ní Amẹ́ríkà, Oral Roberts ló máa ń wá sí wa lọ́kàn, torí yunifásítì ẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn ọmọ wa náà sì ti lọ kàwé níbẹ̀ tipẹ́. Ṣùgbọ́n àdúgbò kan wà nínú ìlú yẹn kan náà, ní apá àríwá ojú irin rélùwéè, Greenwood lorúkọ ẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ni àwọn èèyàn dúdú ibẹ̀ ń jà lé lórí láti ọdún 1921, tí àwọn òyìnbó dáná sun ún tí wọ́n sì pa èèyàn níbẹ̀, títí dòní. Ó tún ti gbòde báyìí, torí pé ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 2025, méyọ̀ ìlú náà, Monroe Nichols, bọ́ síta ó ní àwọn fẹ́ dá àpò kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Greenwood Trust, pé àwọn máa kó owó àti dúkìá tó tó 105 mílíọ̀nù dọ́là jọ sínú ẹ̀ láti fi tún àdúgbò yẹn àti North Tulsa ṣe. Nichols yìí fúnra ẹ̀, òun ni èèyàn dúdú àkọ́kọ́ tó máa ṣe méyọ̀ Tulsa, oṣù Kọkànlá ọdún 2024 ni wọ́n dìbò yàn án.

Àwọn kan ti ń sọ ọ́ kiri pé Amẹ́ríkà ti san owó gbà-má-bínú fún èèyàn dúdú. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ètò tí wọ́n kéde yẹn ò ka owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, kì í sì í ṣe owó orí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe é, ọwọ́ àwọn aládàáni àti àwọn àjọ tó ń tọrẹ ni wọ́n ti fẹ́ wá owó, kí ìlú wá fi ilẹ̀ àti dúkìá kún un tí ìgbìmọ̀ ìlú bá fọwọ́ sí i. Nichols tiẹ̀ yẹra fún ọ̀rọ̀ gbà-má-bínú yẹn pátápátá, torí ó mọ̀ pé tóun bá ti pè é bẹ́ẹ̀, ìjà ló máa dà. "Ẹ jẹ́ ká fọwọ́ sowọ́ pọ̀" ni orin tí gbogbo wọn ń kọ níbẹ̀ báyìí. Èmi ò lòdì sí i, àmọ́ tá a bá mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀, a óò rí i pé àwọn èèyàn dúdú Greenwood ti ń fọwọ́ sowọ́ pọ̀ láàárín ara wọn ó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún. Àwọn tó kù nílùú ni ò dá sí i.

Ọdún 1906 ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ O.W. Gurley dé Tulsa, ó ra ilẹ̀ éékà 40, ó ní èèyàn dúdú nìkan lòun máa tà á fún. J.B. Stradford náà dé, ó kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì tó ní yàrá 54. Epo rọ̀bì ló sọ Tulsa di ìlú olówó nígbà yẹn, àwọn èèyàn dúdú wá ń ṣiṣẹ́ nílé àwọn òyìnbó tó rí towó epo ṣe, wọ́n ń dáná fún wọn, wọ́n ń wa mọ́tò wọn, wọ́n ń fọ aṣọ wọn, ṣùgbọ́n òfin ìyàsọ́tọ̀ ò jẹ́ kí wọ́n ná owó tí wọ́n bá gbà níbi táwọn òyìnbó ti ń ná tiwọn, nítorí náà Greenwood ni gbogbo owó yẹn ń wọ̀. Àwọn kan nínú wọn sì ti nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, torí pé àwọn baba wọn ṣẹrú lọ́wọ́ ẹ̀yà Creek, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà tó wà ní Amẹ́ríkà kí òyìnbó tó dé, nígbà tí wọ́n gba òmìnira tí wọ́n wá ń pín ilẹ̀ ẹ̀yà náà, tiwọn náà kàn wọ́n. Bí Greenwood ṣe di ibi tí dókítà wà, tí lọ́yà wà, tí ilé sinimá Dreamland wà, tí ìwé ìròyìn tiwọn, Tulsa Star, wà, nìyẹn. Èèyàn bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ló ń gbébẹ̀. Black Wall Street ni wọ́n ń pe ibẹ̀ lónìí, ìyẹn Wall Street ti èèyàn dúdú, bíi àdúgbò àwọn olówó ní New York.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún ọdún 1921, ọmọ ọdún 19 kan, Dick Rowland, tó ń dán bàtà fún èèyàn, wọ ẹ̀rọ agbéniròkè nínú ilé kan ní àárín ìlú, òyìnbó ọmọbìnrin kan tó ń darí ẹ̀rọ náà ké, wọ́n ní Rowland fọwọ́ kàn án. Wọ́n mú un lọ́jọ́ kejì, ìwé ìròyìn òyìnbó gbé e, ó di alẹ́ àwọn èrò ti pé sí kóòtù, wọ́n fẹ́ já a gbà kí wọ́n so ó rọ̀. Àwọn ọkùnrin dúdú kan, tí púpọ̀ nínú wọn ti ja Ogun Àgbáyé Kìíní, gbé ìbọn lọ síbẹ̀ láti lọ dáàbò bò ó. Ìbọn dún. Ó di òwúrọ̀ ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà, àwọn òyìnbó ti wọ Greenwood, wọ́n jó búlọ́ọ̀kì 35, ilé tí wọ́n sun lé ní 1,200, àwọn onímọ̀ sì ní àwọn tí wọ́n pa lè tó 300. Dókítà A.C. Jackson, oníṣẹ́ abẹ tí òkìkí ẹ̀ kàn, ọwọ́ ló gbé sókè nígbà tó jáde nílé ẹ̀ tí wọ́n sì yìnbọn pa á. Ìjọba kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn dúdú sí àhámọ́, tí òyìnbó kan ò bá wá dúró fún ẹ, o ò ní jáde. Ẹjọ́ Rowland, wọ́n pàpà da á nù ni. Kò sì sí òyìnbó kankan tí wọ́n rán lẹ́wọ̀n nítorí àwọn tí wọ́n pa.

Ibi tó wù mí kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà ni ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn tí iná kú. Ó kù díẹ̀ kó pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn ni àwọn alákòóso ìlú ṣe òfin tuntun pé ẹni tó bá máa kọ́lé ní ibi tó jóná, alájà méjì ó kéré tán ni kó kọ́, kó sì jẹ́ ohun èlò tí iná ò lè ràn ni kó fi kọ́ ọ. Ẹ wo ọgbọ́n yẹn. Ẹni tí ò ní bẹ́ẹ̀dì tó máa sùn lé, wọ́n ní kó lọ wá bíríkì àti símẹ́ǹtì alájà méjì wá. Wọ́n fẹ́ kí àwọn èèyàn dúdú kó kúrò níbẹ̀ ni, kí ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rélùwéè yẹn lè di ibi ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Lọ́yà kan wà tó ń jẹ́ B.C. Franklin, ọ́fíìsì tiẹ̀ náà ti jóná, òun àti ẹnì kejì ẹ̀, I.H. Spears, wọ́n ta àgọ́, wọ́n gbé tábìlì sínú ẹ̀, wọ́n gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sórí tábìlì, fọ́tò ẹ̀ wà títí dòní, Franklin jókòó sínú àgọ́ yẹn pẹ̀lú àwọn ìwé òfin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Inú àgọ́ yẹn ni wọ́n ti pe ìlú lẹ́jọ́, wọ́n sì járe, kóòtù fagi lé òfin náà. Àwọn èèyàn ń kọ́lé padà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló fi àgọ́ la òtútù ọdún yẹn já, Red Cross ń ràn wọ́n lọ́wọ́, ilé ìwé Booker T. Washington tí iná ò jó ni wọ́n fi ṣe ibi ìtọ́jú.

Ẹ tún wo ṣọ́ọ̀ṣì Mount Zion Baptist. Oṣù Kẹrin ọdún 1921 ni wọ́n ṣí ilé ìjọsìn tuntun wọn, ó ná wọn tó 92,000 dọ́là, wọ́n yá 50,000 nínú ẹ̀. Kò pé oṣù méjì tí wọ́n dáná sun ún. Àwọn ilé-iṣẹ́ ínṣọ́ránsì sì sọ fún àwọn ará Greenwood pé rògbòdìyàn ni ohun tó ṣẹlẹ̀, pé rògbòdìyàn ò sí nínú ohun tí àwọn máa san owó lé lórí, bí kò ṣe sí kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni nìyẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa rò pé ìjọ náà á ní gbèsè ti bá ilé jóná. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Yàrá abẹ́ ilé tó kù, tó jẹ́ pé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jọ́sìn, àwọn alágbàfọ̀, àwọn ọmọ ọ̀dọ̀, àwọn aránṣọ, gbogbo wọn ń dá owó díẹ̀díẹ̀, ọdún 1942 ni wọ́n tó san gbèsè yẹn tán, ọdún mọ́kànlélógún lórí ilé tí ò sí mọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá kọ́ òmíràn, ọdún 1952 ni wọ́n ṣí i, ó wà níbẹ̀ dòní. Nígbà tí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé èèyàn dúdú Amẹ́ríkà ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan pọ̀, ìjọ yìí ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, inú sì máa ń bí mi.

Wọ́n kọ́ Greenwood padà o. Ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn iná, lọ́dún 1925, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò dúdú ní gbogbo Amẹ́ríkà wá ṣe ìpàdé wọn ní Tulsa. Ọdún 1942, ilé òwò tó wà níbẹ̀ ti lé ní 240.

Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀mejì ni Greenwood bàjẹ́, ẹ̀ẹ̀kejì ni ò tíì jí nínú ẹ̀. Láti àwọn ọdún 1930 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń ya máàpù tí wọ́n fi ń pín àdúgbò sí ọ̀nà ọ̀nà, àdúgbò èèyàn dúdú ni wọ́n máa ń kun ní pupa, tó túmọ̀ sí pé kí báńkì má yá wọn lówó. Ilé tí o ò lè yá owó tún ṣe, ọjọ́ tó bá ń gbó, kò sẹ́ni tó máa bá ẹ dá a dúró. Ó wá di àwọn ọdún 1960 sí 1970, ètò kan dé tí wọ́n pè ní àtúnṣe ìlú, ìlú ń gba ilé àti ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn èèyàn, wọ́n ń wó o, wọ́n sì gbé háíwè I-244 gba àárín gbùngbùn Greenwood kọjá. Àwọn tó ti kọ́lé padà lẹ́yìn iná, àwọn ọmọ wọn ló wá ń wo katapílà. Ìlú tí wọ́n ní àwọn fẹ́ tún ṣe yẹn, ilẹ̀ tó pọ̀ nínú ẹ̀ ló kàn wà bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba fún àádọ́ta ọdún, koríko ló wà lórí ẹ̀. Lóòótọ́, nígbà tí òfin ìyàsọ́tọ̀ parí, àwọn èèyàn dúdú náà bẹ̀rẹ̀ sí í ná owó wọn níbòmíràn, ìyẹn náà dá kún un, mi ò ní fi pa mọ́. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù tí kò tà dáadáa lè tún tà, èyí tí wọ́n ti gbé háíwè gba orí ẹ̀ kọjá ò lè tà mọ́. Lónìí, tí ẹ bá dúró ní ìkóríta Greenwood àti Archer, ìwọ̀nba ilé bíríkì pupa díẹ̀ ló kù nínú èyí tí wọ́n tún kọ́ lẹ́yìn 1921, háíwè sì wà lókè ní apá ẹ̀yìn, mọ́tò ń hó lọ.

Kí ni wọ́n ti wá ṣe sí i? Ọdún 1997 ni ìpínlẹ̀ Oklahoma gbé ìgbìmọ̀ kan dìde, ọdún 2001 ni ìgbìmọ̀ yẹn jábọ̀, wọ́n ní kí wọ́n sanwó fún àwọn tó ṣì wà láàyè nínú àwọn tó la ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn já àti fún àwọn ọmọ wọn, kí wọ́n dá sìkọ́láṣíìpù sílẹ̀, kí wọ́n ran òwò Greenwood lọ́wọ́. Ìpínlẹ̀ ò sanwó fún wọn. Mẹ́dàlì ni wọ́n fún wọn. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, lọ́yà Damario Solomon-Simmons àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ kó ẹjọ́ lọ sí kóòtù ìpínlẹ̀, nígbà tó yá, àwọn mẹ́ta tó kù ló wà nínú ẹ̀: Viola Fletcher, àbúrò ẹ̀ Hughes Van Ellis, àti Lessie Benningfield Randle. Van Ellis kú ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, ẹni ọdún 102 ni, ó ti ja Ogun Àgbáyé Kejì fún Amẹ́ríkà. Ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2024, kóòtù tó ga jù ní Oklahoma da ẹjọ́ náà nù, adájọ́ mẹ́jọ sí ẹyọ kan. Mama Fletcher, tí gbogbo ayé ń pè ní Mother Fletcher, kú ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ẹni ọdún 111. Ọmọ ọdún méje ló wà lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n jí i pé kó dìde kí wọ́n máa sá lọ. Orílẹ̀-èdè Ghana ti sọ òun àti àbúrò ẹ̀ di ọmọ orílẹ̀-èdè náà kí wọ́n tó kú. Oklahoma tí wọ́n ti jó ilé wọn ò fún wọn ní ohunkóhun tó ju mẹ́dàlì lọ.

Ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń rí sí ètò ìdájọ́ (Department of Justice) náà gbé àbọ̀ jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2025, wọ́n jẹ́wọ́ pé ìkọlù tí wọ́n ṣètò bíi ti ológun ni, kì í ṣe àwọn èèyànkéèyàn kan tó kàn bínú, àmọ́ wọ́n ní kò sí ẹni tó ṣì wà láàyè tí àwọn lè pè lẹ́jọ́ mọ́.

Nígbà tó di ọdún 2021 tó pé ọgọ́rùn-ún ọdún, wọ́n kó owó jọ, nǹkan bí 30 mílíọ̀nù dọ́là, wọ́n kọ́ múséọ̀mù kan tó rẹwà gan-an, Greenwood Rising, ààrẹ Biden fúnra ẹ̀ wá sí Tulsa lọ́dún náà. Ṣùgbọ́n ìjà bẹ́ sílẹ̀, torí àwọn mẹ́ta tó la iná já yẹn ṣì wà láàyè, wọ́n ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún, àwọn èèyàn wá ń bi ara wọn pé báwo ni wọ́n ṣe lè fi orúkọ wọn kó 30 mílíọ̀nù jọ kó má sì sí ti wọn níbẹ̀. Ètò orin ńlá tí wọ́n fẹ́ ṣe, wọ́n fagi lé e. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ò tíì kúrò lára àwọn ará Greenwood, òun ló fà á tó fi jẹ́ pé tí wọ́n bá ti gbọ́ àjọṣepọ̀ báyìí, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi ẹ ni pé àwọn wo ló máa jókòó sídìí tábìlì, àwọn wo ló sì máa fọwọ́ sí ìwé. Lọ́dún yẹn kan náà ni gómìnà Oklahoma tún fọwọ́ sí òfin kan tó ń dẹ́rù ba àwọn tíṣà lórí bí wọ́n ṣe lè kọ́ àwọn ọmọ nípa ìtàn ẹ̀yà àti àwọ̀. Ẹ ń kọ́ múséọ̀mù lọ́wọ́ kan, ẹ ń di tíṣà lẹ́nu lọ́wọ́ kejì.

Owó 105 mílíọ̀nù yẹn, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín in sí. 24 mílíọ̀nù fún ọ̀rọ̀ ilé, kí àwọn tó la ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn já àti àwọn àtọmọdọ́mọ wọn lè rí ilé rà tàbí kí wọ́n tún èyí tí wọ́n ní ṣe. 60 mílíọ̀nù fún àtúnṣe àwọn ilé àti àyíká àti àwọn ibi ìtàn Greenwood. 21 mílíọ̀nù fún ríra ilẹ̀, sìkọ́láṣíìpù, àti owó ìrànwọ́ fún àwọn oníṣòwò kéékèèké. Ọdún kan ni wọ́n fún ara wọn, pé kó tó di ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 2026 tó máa pé ọdún 105, kí púpọ̀ nínú owó náà ti wọlé tàbí kí àwọn olówó ti ṣèlérí ẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé 60 yẹn ló tóbi jù. Ilé ìtàn dáa, mi ò sọ pé kò dáa, ṣùgbọ́n èèyàn ò lè gbé inú ìtàn, ká ní èmi ni mo ń pín in, ilé àti ilẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ bù fún.

Àwa tá a ń dá èésú mọ̀ pé ẹni tó bá ń dá owó náà ló máa kó o, ó sì mọ ìgbà tó máa kàn án. Trust yìí yàtọ̀, àwọn tó ń dá owó kọ́ ló yẹ kó kó o, àwọn tó yẹ kó kó o náà ò mọ ìgbà tó máa kàn wọ́n, ibi tí wàhálà ti lè wọlé nìyẹn. Tí àjọ olówó kan bá mú mílíọ̀nù mẹ́wàá wá, ó ṣeé ṣe kó ní ohun tó wu òun ni kí wọ́n fi ṣe. Òun ni mo ṣe gbà pé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí máa ti yanjú tàbí kó bàjẹ́ ni ilẹ̀. Éékà 56 ilẹ̀ ló wà ní Kirkpatrick Heights àti Greenwood lọ́wọ́ ìjọba, inú ètò àtúnṣe ìlú ayé ìgbà yẹn ni púpọ̀ ẹ̀ ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Àwọn ará àdúgbò ti jókòó pẹ̀lú ìlú lórí ẹ̀, wọ́n ṣe ìpàdé lóríṣiríṣi, wọ́n ya ètò bí wọ́n ṣe fẹ́ kó rí, ilé gbígbé, ṣọ́ọ̀bù, ibi ìṣeré, gbogbo ẹ̀ wà nínú ìwé. Tí ìgbìmọ̀ ìlú bá gbé ilẹ̀ yẹn fún Trust, tí àwọn tó wà nídìí Trust sì jẹ́ ọmọ àdúgbò gan-an, ìyẹn ló máa jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí nǹkan tí wọ́n gbà máa padà sọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Tí wọ́n bá tà á fún àwọn kọ́lékọ́lé olówó ńlá tí háyà ibẹ̀ sì wọ́n ju ohun tí ọmọ North Tulsa lè san, a jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kẹta ni wọ́n máa lé wọn kúrò níbẹ̀.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé wọ́n kàn jókòó tí wọ́n ń retí Trust. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí súpámákẹ́ẹ̀tì gidi kan ní North Tulsa tí èèyàn ti lè ra ẹ̀fọ́ tútù àti ẹran, àwọn ṣọ́ọ̀bù dọ́là, tí wọ́n ń ta bísíkíìtì àti ọṣẹ àti ohun inú agolo, ló kún ibẹ̀. Obìnrin kan tó wà nínú ìgbìmọ̀ ìlú, Vanessa Hall-Harper, ló dìde ní ọdún 2017 pé kí wọ́n dá ṣíṣí àwọn ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ dúró ná, àwọn ará àdúgbò tò lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n kún inú ìpàdé, wọ́n sì rí i gbà. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó ń rí sí ètò ọrọ̀ ajé ìlú, àwọn olówó àti àwọn ará àdúgbò parapọ̀ tí wọ́n fi ṣí Oasis Fresh Market ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021, ọ̀dọ́kùnrin dúdú kan ló ń darí ẹ̀. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, àwọn elétò ìlera Tulsa ti sọ ọ́ léraléra pé ọjọ́ ayé ẹni tó ń gbé ní North Tulsa fi ọdún tó ju mẹ́wàá lọ kéré sí ti ẹni tó ń gbé ní apá gúúsù ìlú kan náà.

Ti háíwè náà wà níbẹ̀. Lọ́dún 2023, ìjọba àpapọ̀ ń fún àwọn ìlú lówó láti ṣèwádìí bóyá wọ́n lè yọ àwọn háíwè tó gé àdúgbò sí méjì kúrò. Ìlú Tulsa kọ́ ló gba ti Greenwood. Ṣọ́ọ̀ṣì kan ni, North Peoria Church of Christ, wọ́n gba 1.6 mílíọ̀nù dọ́là láti fi wò ó bóyá wọ́n lè wó apá I-244 tó gba orí Greenwood kọjá. Ṣọ́ọ̀ṣì tún ni, bíi ti 1921.

Ìwádìí ibojì náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọdún 2018 ni méyọ̀ ìgbà yẹn, G.T. Bynum, òyìnbó ni, ó sì jẹ́ Republican, ní kí wọ́n wá ibi tí wọ́n sin àwọn tí wọ́n pa sí, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ ní itẹ́ òkú Oaklawn, wọ́n rí pósí níbi tí kò sí àmì kankan. Láti mọ ẹni tó wà nínú ẹ̀, wọ́n nílò kí àwọn ẹbí mú DNA wá láti gbogbo Amẹ́ríkà, àwọn èèyàn sì mú un wá. Oṣù Keje ọdún 2024 ni wọ́n dárúkọ ẹni àkọ́kọ́, C.L. Daniel, ọmọ Georgia, ọ̀dọ́kùnrin tó ti ṣe sójà nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Lẹ́tà kan wà níbi tí ìjọba ń kó ìwé àtijọ́ sí, lọ́yà ìyá ẹ̀ ló kọ ọ́ ní ọdún 1936, ó ń bá ìyá náà bẹ ìjọba fún owó tó tọ́ sí ìyá sójà, ó sì sọ nínú ẹ̀ pé Tulsa ni wọ́n ti pa ọmọ náà lọ́dún 1921. Ọdún méjìdínláàdọ́rùn-ún ni lẹ́tà yẹn fi wà nínú fáìlì kí wọ́n tó mọ ibi tí ọmọ wà. Mo mẹ́nu kan èyí torí àwọn tó ń sọ pé ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ jù. Àwọn tí wọ́n ṣe é fún ò sinmi rí, àwọn tó ní ìwé lọ́wọ́ ni ò ṣí i.

Ní báyìí, iṣẹ́ tó ṣòro jù tó wà níwájú Trust kọ́ ni wíwá owó. Wọ́n ní láti pinnu ta ni àtọmọdọ́mọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn sá kúrò ní Tulsa lẹ́yìn 1921, Stradford fúnra ẹ̀ sá lọ sí Chicago torí wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé òun ló dá rògbòdìyàn sílẹ̀, ọdún 1996 ni wọ́n tó wẹ̀ ẹ́ mọ́, òun náà sì ti kú tipẹ́. Ṣé ọmọ ọmọ ẹni tó sá lọ yẹn wà nínú ẹ̀? Àwọn tó dé sí North Tulsa ní 1950, tí háíwè wá wó ilé wọn, ṣé wọ́n wà nínú ẹ̀? Lójú tèmi, wọ́n yẹ kí wọ́n wà níbẹ̀, torí ohun tí wọ́n fẹ́ tún ṣe yìí, kì í ṣe iná nìkan ló bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé owó ò tó gbogbo èèyàn, àwọn ọmọ àdúgbò ló sì yẹ kó dá a lẹ́jọ́, kì í ṣe àwọn tó mú ṣẹ́ẹ̀kì wá.

Ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo ni ò gba ìpàdé kankan. Nígbà tí Mama Fletcher kú, Mama Randle nìkan ló kù, wọ́n bí i ní oṣù Kọkànlá ọdún 1914. Lọ́dún 2022, tọkọtaya kan ní New York, òyìnbó ni wọ́n, tí wọn ò ní nǹkan kan án ṣe pẹ̀lú Tulsa, fi mílíọ̀nù kan dọ́là ta àwọn mẹ́ta yẹn lọ́rẹ nípasẹ̀ àjọ wọn, pé kí wọ́n pín in. Gbogbo owó tó wà ní Tulsa, owó epo, owó báńkì, owó àwọn àjọ tó tóbi, mílíọ̀nù kan ò pọ̀ fún wọn rárá. Kí wọ́n san ti Mama Randle lọ́tọ̀, kí wọ́n san án báyìí tó wà láàyè, lẹ́yìn náà kí wọ́n máa bá ètò 105 mílíọ̀nù wọn lọ.